Erékùṣù Ọjọ́ Sátidé

Ní ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó yọ dáadáa, a máa ń kúrò ní Ọ̀tà bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Ìrì ṣì máa ń wà lórí koríko. Ẹ̀yìn mọ́tò ni mo máa ń jókòó sí, ọmọ òyìnbó tí mò ń tọ́jú á gbé orí lé itan mi, apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ á wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, igi á sì máa sá kọjá lójú fèrèsé títí oorun á fi gbé èmi náà lọ. Nígbà tí mo bá lajú, a ti dé Èkó, afẹ́fẹ́ ti yí padà, iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ilé onípáànù kan lẹ́yìn Ọ̀tà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣàngó, ni àwọn òyìnbó náà ń gbé. Ọkọ ni alábòójútó àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, eruku pupa ló máa ń bá a wọlé. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa kọ lẹ́tà, á gbé kálámù sílẹ̀, á wá máa wo igbó tó wà níwájú ilé bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ jáde wá láti ibẹ̀. Kò sí òyìnbó mìíràn nítòsí tí ó lè bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Sátidé ló ń gbé e ró.

Ìyá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi, ló ń fọ aṣọ wọn, ọkọ rẹ̀ sì ni kúùkù wọn. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá mi àgbà wá mú mi ní abúlé wa, Àlàpótì. Mo ka ìwé dé kíláàsì kejì kí bàbá mi tó ní kí n máa bá ìyá mi lọ sóko. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí àlejò bá wọ ilé wa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti máa ń rí mi. Ìyá mi àgbà kò ka ìyẹn sí àbùkù rárá. Ó ní ẹni tí kò lẹ́nu gan-an ni àwọn òyìnbó ń fẹ́. Bí a ti ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà ni ó ń kọ́ mi: kí n máa kúnlẹ̀, kí n má máa tẹjú mọ́ Màdáámù, ohunkóhun tí ó bá sì bi mí, kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pọn dandan kí ó kọ́ mi ní èyí tó kẹ́yìn yìí. Nílé wa, n kò tíì gbọ́ kí ọmọbìnrin sọ fún àgbà pé rárá. Tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o ti yó, o ti yó. Tí wọ́n bá bi ọ́ bóyá o lè gbé igi yìí dé ilé, o lè gbé e.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dé ni Màdáámù bi mí bóyá mo mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ti dé fìlà, mọ́tò ti ń kùn níwájú ilé. Ó ní ibi tí a ń lọ, omi ló yí i ká, ọmọ òun sì fẹ́ràn omi. Mo gbọ́ ohun tí ó béèrè, ó yé mi dáadáa. Odò tí mo mọ̀ ni èyí tí a ti ń pọnmi lẹ́yìn oko wa, omi rẹ̀ kò sì kọjá orúnkún mi. Ṣùgbọ́n ojú tí ó fi ń wò mí ti dáhùn ìbéèrè náà kí n tó lanu.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn dára púpọ̀, a sì wọ mọ́tò.

Ọkọ̀ ojú omi kan tó ní ẹ́ńjìnnì ló gbé wa kúrò ní Èkó. Níwájú wa ni erékùṣù náà ti yọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí omi. Iyanrìn rẹ̀ funfun débi pé gààrí ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àwọn igi àgbọn tẹ̀ síhà omi. Ní apá kan, omi náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó mọ́ gaara. Ní apá kejì ni òkun gan-an wà, ó ń bú, ó ń padà, ó tún ń bú. Mo dúró, mo ń wò ó. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan lè tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí ó máa rìn tó bẹ́ẹ̀, kí ó má sì kúrò níbi tó wà.

Àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Ìdílé òyìnbó mélòó kan ló máa ń wá, wọ́n á gbé omi mímu wá fúnra wọn, wọ́n á gbé búrẹ́dì àti sítóòfù wá, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á sì dákẹ́. Màdáámù a máa di ẹlòmíràn níbẹ̀. Ní Ọ̀tà, ńṣe ló dà bí ẹni tó wọ aṣọ tí wọ́n yá a. Lórí iyanrìn yẹn, á na ẹsẹ̀, á máa kọrin lábẹ́lẹ̀, á ka ìwé díẹ̀, á gbé e bo ojú, á sùn.

Oorun yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Nítorí pé mo sọ pé mo mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ló ṣe ń sùn. Orí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló sùn sí.

Ọmọ náà kì í sì í dúró sójú kan. Tí ìgbì kékeré bá padà, á sá tẹ̀ lé e, á máa rẹ́rìn-ín, tí omi bá kan ìbàdí rẹ̀, kò ní bojú wẹ̀yìn. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo mú ọ̀já tí mo fi ń pọ̀n ọ́n, mo so ẹnu kan mọ́ ìbàdí rẹ̀, mo so ẹnu kejì mọ́ ọwọ́ mi. Ó rò pé eré ni. Àwọn òyìnbó náà rò pé eré ni. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ya wá ní fọ́tò, ó ní kí n rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ òtítọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà ní Ọ̀tà tí n kò fẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọ̀sán, tí ọmọ bá ti sùn, Màdáámù a máa pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ṣí ìwé, á fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi náà á máa kà á tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ní kí ó ṣe é. Bóyá nítorí pé ọjọ́ ń gùn fún un ni. Mo mọ̀ pé tí ó bá gbọ́ pé mo purọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, yóò dá mi padà sí Àlàpótì, ìwé kíkà náà á sì parí síbẹ̀. Tí n kò bá sì sọ ọ́, òkun wà níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ó ń dúró de ọmọ náà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀ ni ìyá arúgbó kan, Ègùn, tó ń yan ẹja ní ìpẹ̀kun etí omi náà, níbi tí abà àwọn apẹja wà. Ọjọ́ kan ló ti ibi èéfín rẹ̀ pè mí.

"Ọmọ Ọ̀tà, kí ló dé tí o so ọmọ ọlọ́mọ mọ́wọ́ bí ewúrẹ́?"

Mo sọ fún un. N kò mọ ìdí tí ó fi rọrùn fún mi láti sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"O ní o mọ̀ ọ́n? Ìwọ tí o ń gbé ìró sókè tí omi bá kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ?"

Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ náà, ó wo àwọn òyìnbó tó sùn lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní tí ọmọ náà bá sùn lọ́sàn-án, kí n wá.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ náà bá ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, mo máa ń lọ sí ẹ̀yìn abà, níbi tí omi ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyá Ègùn náà á wọ inú omi dé ìbàdí, á na apá méjèèjì sábẹ́ mi. "Sùn," ó máa ń wí. "Sùn bí ẹni tó sùn sórí ẹní. Ọrùn rẹ ti le jù. Ta lo ń bá jà?" Mo gbé omi mì lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú mi ta mí. Lọ́sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, mo ṣàdédé rí i pé apá rẹ̀ kò sí lábẹ́ mi mọ́. Etí mi wà nínú omi. N kò gbọ́ igi àgbọn, n kò gbọ́ ẹ̀rín àwọn òyìnbó, ìró kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́, bí ẹni pé ẹnìkan tó tóbi púpọ̀ ń mí lábẹ́ ilẹ̀. Ojú ọ̀run nìkan ni mo ń rí. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan. N kò ní ìyá, n kò ní ọ̀gá, n kò ní ìlú. Mo rò pé bóyá báyìí ni ọmọ ṣe ń rí kí wọ́n tó bí i.

Ṣùgbọ́n sísùn lórí omi nìkan ni mo mọ̀. Ìyá Ègùn ní ẹsẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà ọwọ́. Ó ní ẹni tó ń sùn kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Nígbà náà ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ọkọ̀ ńlá tó ń ti òkè òkun wá a máa dúró ní èbúté Èkó, àwọn èrò inú rẹ̀ á sì fẹ́ rí nǹkan kan kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá ń gbé wọn wá lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ó kọ́ àtíbàbà gígùn kan, ó to àga aláṣọ sábẹ́ rẹ̀, ó gbé bíà tútù wá nínú yìnyín. Àwọn lọ́yà dúdú láti Èkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn àti ìyàwó wọn tó dé fìlà, obìnrin òyìnbó kan sì gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láìsọ ohunkóhun. Ilé tí n kò rí tẹ́lẹ̀ ni mo máa ń bá níbẹ̀ láti Sátidé kan sí èkejì.

Àwọn àlejò fẹ́ràn kí wọ́n máa wo àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ràn òórùn ẹja. Wọ́n ní èéfín ń wọ̀ wọ́n lójú. Ọjọ́ Sátidé kan, mo dé ibi abà, mo bá eérú àti ihò òpó. Wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ sí ẹ̀yìn erékùṣù náà, níbi tí òkun ti ń bú, ó sì jìnnà ju ibi tí mo lè lọ kí n sì padà kí ọmọ tó jí. Àwọn ọkùnrin wọn nìkan ni wọ́n ní kí ó máa padà wá lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n máa fa àwọ̀n fún àwọn àlejò wò. Mo rí wọn tí wọ́n fa àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí ẹja nínú rẹ̀. Wọ́n á fà á délẹ̀, wọ́n á tún gbé e padà sínú omi, nítorí pé àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọn kò tíì ya fọ́tò.

Bí a ti ń padà sí Ọ̀tà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màdáámù ń ráhùn fún ọkọ rẹ̀. Ó ní àwọn àlejò ti ba erékùṣù àwọn jẹ́. Ó ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo rántí ìyá Ègùn, tó sin ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn abà yẹn. Mo wo ojú fèrèsé.

N kò rí olùkọ́ mi mọ́. Mo tún padà sídìí ọ̀já mi.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ọ̀rẹ́ Màdáámù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú wọn dé bá wa lọ. Òkìtì iyanrìn kan ti yọ láàárín omi lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ń jókòó lé e bí ẹyẹ. Ọmọ náà rí wọn, ó ní òun fẹ́ lọ. Màdáámù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ aṣọ omi. Màdáámù tú ọ̀já náà kúrò ní ìbàdí ọmọ fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé e sẹ́yìn, kí n máa tẹ̀ lé àwọn. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo mọ omi jù nínú gbogbo wọn.

Ọmọ náà ti gun ẹ̀yìn mi. Ó fi apá méjèèjì dì mọ́ mi lọ́rùn. Omi dé kókósẹ̀ mi, ó dé ojúgun mi. Mo rò pé bóyá omi náà kò jìn. Mo rò pé bóyá bí mo bá ti dé ibi tó jìn, ẹsẹ̀ mi á mọ ohun tí yóò ṣe. Màdáámù ti lọ síwájú, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "O ń bọ̀, àbí?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Mo rò pé kò gbọ́ mi. Mo tún un sọ. "Rárá, mà. N kò mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ ọ́n rí láti ọjọ́ yìí wá."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ nígbà tí ó rí ojú Màdáámù. Màdáámù padà wá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi, ó já ọmọ náà gbà kúrò lẹ́yìn mi. Kò pariwo. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó gbé ọmọ lé itan, kò sì jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé.

Ó ránṣẹ́ sí ìyá mi àgbà lọ́jọ́ kejì. Kí a tó lọ, a kọ́kọ́ jókòó nínú yàrá kúùkù, ìyá mi àgbà sì bi mí léèrè. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò bi mí nípa irọ́ náà.

"O wí fún un pé rárá? Lójú àlejò rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọmọ tí mo fi ẹnu ara mi yìn pé kò lẹ́nu. Ṣé o kò lè rọra wọ inú omi náà, kí Ọlọ́run ṣe èyí tó kù ni?"

Ọkọ rẹ̀ ń bó iṣu, kò gbójú sókè. "Kí ó gbé ọmọ òyìnbó lọ sọ́run nítorí ọ̀wọ̀," ó ní. "Kí wọ́n kí Ọlọ́run pẹ̀lú ìkúnlẹ̀."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀? Bó iṣu rẹ."

A lọ. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, Màdáámù ní kí ó dìde, kí ó máa lọ, òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ni ó ní kí n jókòó sórí àga. N kò jókòó sórí àga níwájú rẹ̀ rí, àfi tí a bá ń kàwé. Ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí kò sùn mọ́jú. Ó ní òun ti ń ro gbogbo "bẹ́ẹ̀ ni" tí òun ti gbọ́ lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo dé, òun kò sì mọ èyí tí òun lè gbà gbọ́. Ó ní kí a tún wọn sọ.

Ó bi mí bóyá mo ń se omi mímu ọmọ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òtítọ́ sì ni. Ó bi mí bóyá mo ń ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ní gbogbo alẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ọmọ náà ń gbé oògùn ibà rẹ̀ mì lójoojúmọ́. Mo wo ọwọ́ mi.

"Rárá, mà. Ó ń korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń tu ú sínú ìkòkò òdòdó nígbà mìíràn. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ."

Màdáámù di ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ń bá ìbéèrè lọ. Ó bi mí bóyá ibi tí mo ń sùn tẹ́ mi lọ́rùn, mo ní òjò ń jò sí i. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn búrẹ́dì àti bọ́tà tí ó ń fún mi láràárọ̀, mo ní rárá, mà, aládùúgbò wa kan ni mò ń fún. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín tí ó sì kọ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn igbó nígbà tí ó dé orí èyí tó kẹ́yìn. Ó ní gbogbo ìwé tí òun ti ń kà fún mi, tí òun bá béèrè bóyá ó yé mi, "bẹ́ẹ̀ ni" ni mo máa ń sọ. Ṣé ó yé mi?

Ìyẹn ló nira jù fún mi láti dáhùn. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òtítọ́, kò sí ìdí tí yóò fi máa bá a lọ.

"Rárá, mà. Ó yé mi ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo kàn ń wo ẹnu yín."

Ó dìde, ó wọlé. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, mo ti ń ro ọ̀nà Àlàpótì. Ó gbé ìwé náà jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ibi tí kò ti yé mi mọ́ hàn òun. Mo ṣí i padà, mo ṣí i padà, ó jìnnà sẹ́yìn gan-an, ojú sì tì mí. Mo fi ìka mi sí i. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi.

N kò bá wọn lọ sí erékùṣù náà mọ́. Wọ́n rí obìnrin kan ní Èkó, ẹni tí wọ́n bí sétí ọ̀sà, òun ló ń bá ọmọ náà wọ omi. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ọ̀tà tí gbogbo ilé bá ti dákẹ́, mo máa ń ka ojú ìwé kan, tí gbólóhùn kan kò bá yé mi, mo máa ń fi èédú sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn àmì náà pọ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo máa ń fi gbogbo wọn hàn án.